Ẹ Mọ Irú Amusìgá Tí Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ Tó Jáwọ́

Ọdún 18 ni mo fi mu sìgá. Nígbà tó le jù, ẹyọ 25 ni mò ń mu lójúmọ́. Àbúrò mi ọkùnrin náà ń mu, àmọ́ tirẹ̀ kì í ju ẹyọ 3 lọ, nírọ̀lẹ́ tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jókòó. Ọgbọ́n kan náà la jọ dá láti jáwọ́, kò sì ṣiṣẹ́ fún ẹnì kankan nínú wa, torí ohun tó so èmi mọ́ sìgá kọ́ ló so òun mọ́ ọn.

Ẹ má tíì ka iye ẹyọ. Àárọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́. Bí ẹ bá lajú, ẹ wo aago. Bí ẹ bá ṣáná sí sìgá àkọ́kọ́, ẹ tún un wò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 3. Nínú ìdánwò Fagerström táwọn dókítà fi ń mọ bí sìgá ṣe di bárakú fún èèyàn tó (bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni bárakú náà ṣe le tó), ẹni tó bá mu ún láàárín ìṣẹ́jú 5 gba máàkì 3, ìṣẹ́jú 6 sí 30 gba 2, ìṣẹ́jú 31 sí 60 gba 1, ẹni tó bá kọjá wákàtí kan ò gba nǹkan kan. Ìdí ni pé láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, nikotíìnì, ìyẹn èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, ti dín kù sí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ara tó ti sọ ọ́ di bárakú á sì máa béèrè. Kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀ lówùúrọ̀ ni ọwọ́ mi ti ń wá páálí sìgá àti ìṣáná lábẹ́ ìrọ̀rí. Àbúrò mi lè lo ọjọ́ 4 kó má rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ibi tí ẹ ti mu ún àti ẹni tí ẹ jọ wà. Nínú ìwé àbúrò mi, orúkọ àwọn èèyàn 3 kan náà ló ń padà wá. Tèmi ò ní orúkọ kankan. Ọ̀kan ṣì ń jó lọ́wọ́ nínú àwo eérú tí mo ti tan òmíràn.

Ẹ béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí bàbá wa ti ń mu ún. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá wa ni àbúrò mi dàgbà sí, ẹnì kankan ò mu ún níbẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ló fi tọ́ ọ wò. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé sábà máa ń mu púpọ̀ tó bá dàgbà, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní ìwà burúkú.

Tí tiyín bá jọ tèmi, ẹ lọ bá dókítà tàbí apòògùn fún nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ra tàbí ṣíngọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó ń mu ju ẹyọ 10 lọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ̀mọ́ra milígíráàmù 21. Nígbà tí mo kàn dín in kù sí 12, ńṣe ni mò ń fà á jinlẹ̀ títí iná á fi dé ìdí rẹ̀.

Tó bá jọ ti àbúrò mi, ibi ìjókòó yẹn ni kí ẹ yí padà. Ẹ má sì sọ pé ó kéré: ewu àrùn ọkàn tí ẹyọ 1 lójúmọ́ ń fà tó nǹkan bí ìdajì èyí tí ẹyọ 20 ń fà. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú àbúrò mi jáwọ́.

Ẹ máa bá àkọsílẹ̀ àárọ̀ yẹn lọ. Ọjọ́ tí sìgá àkọ́kọ́ mi sún láti ìṣẹ́jú 3 sí 40, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.