Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan nípa Chadwick Boseman, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Tó bá ti ku díẹ̀ kó pé ọjọ́ 29 oṣù November, ọjọ́ ìbí Chadwick Boseman, òṣèré ará Amẹ́ríkà yẹn, pósítì ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí Facebook àti WhatsApp, àṣìṣe tá a kà lésìí la tún máa kà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn dénú, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ìtàn ẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ọdún 1976 ni wọ́n bí i o, ẹ yéé kọ 1977.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ látorí fíìmù Black Panther, bíi pé ó kàn jí lọ́jọ́ kan ni wọ́n fi jọba Wakanda, ilẹ̀ adúláwọ̀ inú fíìmù náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. 2018 ni fíìmù yẹn jáde, ó sì ti pé ẹni ọdún 41. Ní Howard University tó ti jáde ní 2000, iṣẹ́ dírẹ́kítọ̀ ló lọ kọ́, eré orí ìtàgé ló ń kọ, ó tún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé léré ní Harlem, tó bá sì ríṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ó sábà máa ń jẹ́ pé á kàn yọjú díẹ̀ ni, lónìí Law & Order, lọ́túnla ER, bẹ́ẹ̀ ló ń yí i títí di 2013 tó ṣe Jackie Robinson, adúláwọ̀ tó gbá baseball, nínú fíìmù 42.

Ẹ má sì fo ọdún 2003. Wọ́n gbà á sínú All My Children, eré tẹlifíṣọ̀n tó máa ń lọ lójoojúmọ́, owó gidi sì wà níbẹ̀. Ọmọ adúláwọ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ jàǹdùkú rìn ni wọ́n ní kó ṣe. Àwọn ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì, wọ́n ní inú àwọn dùn sí i, tó bá ní ohun tó ń fẹ́ kó sọ. Òun náà bá béèrè: bàbá ọmọ yìí ńkọ́? Wọ́n ní ó ti já wọn sílẹ̀ tipẹ́. Màmá ẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ní heroin ló ń lò. Ó ní ṣé kò wá sí nǹkan dáadáa kankan lára ọmọ yìí ni? Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n ní kó máa lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fáwọn tó ń gboyè jáde ní Howard ní May 2018. Àwọn kan wá ń kọ ọ́ pé Michael B. Jordan, òṣèré bíi tiẹ̀, ló gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀yìn tó ti lọ ni wọ́n pe Jordan, Boseman sì sọ pé wọ́n padà gbọ́ díẹ̀ lára ohun tóun sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣeré, ẹ má ka ìtàn yìí kẹ́ ẹ wá máa sọ pé kó má ti béèrè.

Denzel Washington, òṣèré ńlá yẹn, kọ́ ló kọ́ ọ leré. Owó tó fi lọ kẹ́kọ̀ọ́ eré lásìkò ọlidé ní Oxford ni Denzel san, Phylicia Rashad tó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀ ló bá a wá a. Kò sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, Golden Globe ni wọ́n fún un lẹ́yìn ikú ẹ̀, Anthony Hopkins ló gba Oscar ọdún 2021.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń kọ "ọmọ Yorùbá ni", ẹ rọra. Ó sọ lóòótọ́ pé àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Yorùbá wà nínú àwọn baba ńlá òun, inú mi sì dùn gan-an nígbà tí mo kà á, àmọ́ ẹ̀yà Limba àti Krio ti Sierra Leone wà níbẹ̀, Jola ti Guinea-Bissau náà wà níbẹ̀, ẹ má dá a gbé sáré. Ohùn tó fi ṣe T'Challa, ọba Wakanda, pàápàá, bí àwọn Xhosa ti South Africa ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé, òun ló sì takú pé ilẹ̀ tí òyìnbó ò jẹ gàba lé lórí rí, kí ni ọba ibẹ̀ fẹ́ fi ohùn òyìnbó ṣe?

Èyí tó kù, ara mi ni mo ti kọ́ ọ. 2016 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lára ẹ̀, ó ti dé ìpele 3. Fíìmù Marshall, Da 5 Bloods, Ma Rainey's Black Bottom, àárín iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú kẹmò, oògùn jẹjẹrẹ, ló ti ṣe gbogbo wọn, aráyé ò gbọ́. Ní April 2020, ó gbé fídíò kan sórí Instagram, ó ń sọ nípa ìbòmú àtàwọn nǹkan ààbò tí wọ́n fẹ́ kó fáwọn ọsibítù lásìkò kòrónà. Ó ti rù, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti yọ síta, àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí òṣèré kankan tẹ́ ẹ bá rí i tó rù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. August 28 ọdún yẹn ló kú, ẹni ọdún 43. Òwúrọ̀ Sátidé ni mo gbọ́ ọ, mo padà lọ sínú group tí wọ́n ti pín fídíò yẹn fún wa, mo wá ohun tí mo kọ síbẹ̀ títí mo fi rí i. "Ṣé bọ̀dá yìí kì í jẹun ni?" ni mo kọ.