Àpò Abẹ́ Ẹsẹ̀: Ohun Tí Mo Dì Lọ sí Sábẹ Lọ́dún Yìí

Owó tí mo ná lójú ọ̀nà Sábẹ, ní ilẹ̀ Benin, lásìkò ọyẹ́ èṣí ṣì ń dùn mí. Kì í ṣe owó ọkọ̀ o. Ẹni tó bá ti ń ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sókè mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ohun tí mo fowó rà lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà ló wà nínú àpò mi, àpò náà sì wà nínú ọkọ̀ kan náà tí mo wọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní gáréèjì kan ní Kútọnu, agbẹ́rù já àpò gbà lọ́wọ́ mi kí n tó lanu, ó jù ú sí búùtù, ó gbé àpò ìrẹsì lé e, ó tún gbé fóòmù ẹlòmíì lé ìrẹsì, ó wá fi okùn so gbogbo rẹ̀ torí pé búùtù ò lè pa dé mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n mú ìró mi àti òrí mi. Ó ní kí n fara balẹ̀, a máa tó dé. A kọjá Bohicon tán ni ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀sán ọyẹ́ a máa gbóná, ṣùgbọ́n òru rẹ̀ ń mú ju bí àwa ará etí òkun ṣe rò lọ. Mo bẹ awakọ̀ pé kó tú okùn. Ó ní bí òun bá tú u, ta ni yóò bá òun dì í padà lóru?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń tajà létí títì, 3000 sẹ́fà, aṣọ tí mi ò ní san 1000 lé lórí ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́. Mo ra òrí tó ti ń rùn. Mo sanwó kí wọ́n tó bá mi ki fóònù bọ iná. Ilẹ̀ mọ́, ètè mi ti là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ojú yẹn náà ni mo sì fi kí gbogbo ẹbí tó pé jọ. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ní kí n sin àwọn lọ síbi ìnáwó òkú ní Sábẹ lọ́dún yìí, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ bá télọ̀ kan ní Wàndó. Aṣọ jíǹsì tó ti gbó ni mo gbé fún un. Mo ní kó rán àpò tó fẹ̀ tí kò ga, tí yóò wọ abẹ́ àga iwájú, tí mo sì lè gbé lé itan tí kò ní dí mi lójú. Mo ní kí okùn rẹ̀ gùn tó èyí tí mo lè gbé kọ́ ọrùn. Ó rán an dáadáa. Mi ò ní sọ ti aṣọ ayẹyẹ àti ẹ̀bùn tí a kó dání. Búùtù ni ìyẹn ń lọ, bí wọ́n bá sì to fóòmù mẹ́wàá lé e, kò kàn mí.

Ìró ni mo kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó wúlò tó o. Ẹ má mú tuntun. Tuntun le, ó sì ń ta èèyàn lára. Àǹkárá yáàdì méjì tó ti rí omi títí tó fi rọ̀ ni kí ẹ mú. Òun ni mo fi bora, òun ni mo ta sí fèrèsé nígbà tí oòrùn yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, òun náà ni mo fi ṣe irọ̀rí. Ẹ mú àpò irọ̀rí òfìfo kan láti ilé, kò wúwo rárá. Bí ẹ bá ká ìró sínú rẹ̀, irọ̀rí dé. Bí ẹ bá sì débi tí wọ́n ti gbé irọ̀rí tí orí oríṣiríṣi ti sùn lé fún yín, tiyín lẹ ó fi bò ó, ẹ ó sì sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Òrí ló tẹ̀ lé e. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, kò ní omi lára, òun ló ń gbẹ ètè, tó ń la gìgísẹ̀, tó ń mú inú imú ta. Ẹ wá agolo kékeré tó ní ìdérí tí wọ́n ń yí, kí ẹ sì tún fi ọ̀rá wé e, torí pé ooru inú ọkọ̀ ń yọ́ òrí. Bó bá dà sínú àpò, kò sí ohun tí kò ní kàn. Ẹ má rà á púpọ̀ ní Àjàṣẹ́ o. Igi emi tí wọ́n ti ń rí òrí kì í ṣe igi etí òkun, apá òkè ló wà. Èyí tó máa gbé yín dé ọ̀hún ti tó, kí ẹ wá ra ojúlówó bọ̀ nílé.

Power bank, bátìrì àgbékiri tí a fi ń fún fóònù níná, ni mo wádìí jù lọ, torí ìyà tí fóònù tó kú fi jẹ mí léṣìí. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ló ń wọ inú fóònù. Bí wọ́n bá kọ 10000 mAh, agbára bátìrì inú rẹ̀ ni wọ́n kọ yẹn, ní fóòtì (volt) 3.7. Fóòtì 5 ni ó ń gbé jáde fún fóònù, iná díẹ̀ sì máa ń ṣòfò níbi tó ti ń yí i padà. Ẹ fọkàn sí nǹkan bí 6000. Bí bátìrì fóònù yín bá jẹ́ 5000, yóò kún lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù. Èyí tí wọ́n bá kọ 50000 sí tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Orín, sílípáàsì fún balùwẹ̀ àjèjì, òwú tí mo fi di etí nítorí orin awakọ̀, àti atalẹ̀ tútù díẹ̀ fún ẹni tí ọkọ̀ ń bì: ìwọ̀nyí ò gba àlàyé. Màmá Àgbà kó tiwọn wá: tẹ̀sùbáà, ẹní ìkírun, ike àlùwàlá, àti obì tí wọ́n wé sínú ewé. Mo kọ́kọ́ rò pé ike yẹn ò ní wọlé. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan láìsí i. Ó wọlé.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ló kẹ́yìn, ohun tí mo fi ń yangàn sì ni pé mo so okùn gígùn mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilé. Àwọ̀n tí kò ní okùn kò wúlò nílé àlejò, torí kò sẹ́ni tó máa bá yín kan ìṣó mọ́ ògiri. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ló ń jẹ èèyàn. Àkókò tí ẹ ń sùn gan-an nìyẹn.

A ti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu wọ́ọ́rọ́, ọ̀nà Ekpè ò dí. Gáréèjì ni wàhálà wà.

Agbẹ́rù tó wá bá wa gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa, dáadáa. Ó na ọwọ́: “Tàntí, ẹ gbé e wá. Ẹ̀yìn ni ẹrù ń lọ.”

Mo ní, “Àpò ọwọ́ nìyí. Kò lọ síbì kankan.”

“Àpò ọwọ́ kì í tóbi báyìí. Èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó sẹ́yìn, níbo ni ẹsẹ̀ àwọn yòókù máa wà?”

Mo gbé e sábẹ́ àga iwájú lójú rẹ̀, ó wọlé wẹ́kú. Mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé e kó rí i. Ó wò ó títí, ó wá ní kò burú, ṣùgbọ́n owó ẹrù rẹ̀ jẹ́ 1000 sẹ́fà. 1000 lórí àpò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín! Mo ní mi ò san. Ó lọ.

Ọkọ̀ ò tíì kún. Ẹ mọ bí gáréèjì ṣe rí: wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ wa, awakọ̀ ò sí nítòsí, a jókòó sínú oòrùn à ń retí ẹni tí yóò dí àyè tó kù. Ìyẹn nìkan ì bá má bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé bí èrò kan bá ti dé, agbẹ́rù yìí á nawọ́ sí mi, á ní, “Tàntí yìí ló ń dá wa dúró, kò fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn.” Ọkọ̀ tí kò kún! Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìdí rẹ̀ tí òun kì í fi í bá obìnrin wọ ọkọ̀ nìyẹn. Obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ kí n gbé e fún wọn, kí gbogbo wa lè máa lọ. Lọ síbo? Àyè méjì ṣì ṣófo níwájú wa.

Nígbà tó yá, ó padà wá, ó di okùn àpò mú láti ìta, ó sì fà á. Mo di ti inú mú. Mo gbọ́ tí ó ta. Nígbà tí mo wo ibi tí télọ̀ ti gán okùn mọ́ etí àpò, òwú ti já níbẹ̀, jíǹsì náà sì ti ya ní ìwọ̀n èékánná. Àpò tuntun! Ara mi ń gbọ̀n.

Màmá Àgbà ò tíì sọ ohunkóhun láti ìgbà tí a ti débẹ̀. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba àpò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí táyà, wọ́n sì jókòó lé e. Wọ́n já obì kan sí ẹnu. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ gbé e sí búùtù, gbé èmi náà mọ́ ọn.” Ọmọkùnrin náà dúró. Àwọn agbẹ́rù ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fi ìyá sílẹ̀, kó bẹ ìyá. Bàbá tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan dákẹ́. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ yọ láti ibi tó ti lọ jẹun, ó bi wá pé kí ló dé, ó wo àpò, ó ní kí n mú 500 wá, kí ọ̀rọ̀ tán.

Mo san án. Kì í ṣe pé ó tọ́; oòrùn ti wà láàárín orí, mi ò sì fẹ́ kí àgbàlagbà pẹ́ nínú ooru yẹn. Ṣùgbọ́n 500 yẹn ń dùn mí bí 3000 èṣí ṣe dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ máa rin ọ̀nà yìí, ẹ fi àpò ẹsẹ̀ yín han awakọ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀, kì í ṣe agbẹ́rù. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín, òun ló ń wá yín. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ó máa bẹ̀bẹ̀. Kí ẹ sì ní kí télọ̀ rán ìdí okùn ní àránpadà, torí wọ́n máa fà á.

Ìrìn yòókù ò ní wàhálà. Àlàdá, Bohicon, Ìdàáṣà níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ọ̀kan sí Savalou, tiwa sí Glazoué àti Sábẹ. Màmá Àgbà sun oorun tó dùn lórí irọ̀rí tí mo fi ìró ṣe. Níbi tí a ti dúró kí wọ́n lè kírun, wọn ò tọrọ ẹní, wọn ò tọrọ ike lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilé olóòkú kún fún èrò, orí ẹní ni wọ́n tẹ́ wa sí nínú pálọ̀. Iná lọ ní òru. Mo so okùn àwọ̀n kan mọ́ irin fèrèsé, ọ̀kan mọ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn, mo so méjì tó kù mọ́ àga tí mo gbé léra, mo sì ta á bo àwa méjèèjì. Láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé tí ẹ̀fọn ti jẹ yí wa ká, wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo ti ra àwọ̀n tó ní okùn. Inú mi dùn gan-an. Fóònù àwọn mẹ́ta ló tún ti ara power bank mi gbaná, mo sì ní kí wọ́n fi pe ọmọ wọn kó tó tán.

Ẹ fi irọ̀rí ọrùn tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí sílé. Níbi tí èèyàn mẹ́rin ti fún mọ́ra, kò sí àyè fún un, rọ́bà rẹ̀ sì ń mú ọrùn làágùn. Iná tọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo máa fi rọ́pò rẹ̀, kí n má fi iná fóònù wá ọ̀nà balùwẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi tó ń múra láti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Faransé ní kí n to irú àpò bẹ́ẹ̀ fún òun. Tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ka òrí mọ́ ohun olómi ní pápákọ̀ òfurufú, agolo tó bá ju 100 ml lọ kò ní bá a wọ inú ọkọ̀ nínú àpò ọwọ́. Inú àpò ọwọ́ sì ni power bank gbọ́dọ̀ wà, wọn kì í jẹ́ kó lọ sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ nítorí iná, kò sì gbọdọ̀ ju 100 Wh (ìwọ̀n iná tó wà nínú rẹ̀) lọ láìgba àyè. 20000 mAh jẹ́ 74 Wh, ìyẹn ò ní wàhálà. Kó mú ìró dání, torí òtútù ń mú nínú ọkọ̀ òfurufú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ gan-an.

Màmá Àgbà ti gba àpò tèmi. Wọ́n ní kí n lọ rán òmíràn fún ara mi, kí n sì bá àwọn ní kí télọ̀ fi àpò kékeré tó jìn kan kún tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ike àlùwàlá yóò ti máa dúró ṣánṣán. Ọjọ́ ọjà Wàndó tó ń bọ̀ ni mò ń lọ.