Bí a ṣe ń wá ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó bá wa mu, fún ẹni tó ń kọ́ Ègùn ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kó wá sí Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, á gbọ́ èdè Ègùn níbi gbogbo. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kò pọ̀, ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ la ti ń kó o jọ.

Ẹ kọ́kọ́ yan ibi kan ṣoṣo tí ẹ ó ti máa lò ó: ọjà Ouando, orí zémìjàn (ọ̀kadà akérò) tàbí ọ̀dọ̀ onílé yín. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́.

Ẹ wá ẹnì kan tó jẹ́ Ègùn gangan. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé ni o. Bí ẹ bá ní kó máa fà á nítorí yín, ohùn ọ̀rọ̀ á yí padà, ohùn ló sì ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì nínú Ègùn gẹ́gẹ́ bíi ti Yorùbá. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ɛ ni wọ́n ń lò ní Benin fún ẹ tiwa, ɔ fún ọ tiwa. Bí ẹ bá ń pe ɖ, ẹ ká orí ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀.

Ibi tó kàn yìí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé, wọ́n á máa kà á lákàtúnkà, ojú wọn á mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá dé iwájú ìyá aláta, ẹnu á wúwo. Ojú ló mọ̀ ọ́n, ẹnu ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìwé náà lásán!

Ẹ gé páálí ṣúgà sí wẹ́wẹ́. Kò sídìí láti ra káàdì. Ẹ kọ odindi gbólóhùn Yorùbá sí ojú kan, Ègùn sí ẹ̀yìn. Ẹ wo ti Yorùbá, kí ẹ sọ ti Ègùn sókè kí ẹ tó yí páálí náà. Ẹ má tètè yí i: ìgbà tí ẹ bá ń wá a nínú orí yín gan-an lẹ ń kọ́ ọ. Èyí tó bá tètè bọ́ sí yín lẹ́nu, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà di ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá sọnù, ẹ dá a padà sáàárín ti ojoojúmọ́. Ní ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe fi ara rẹ̀ dánwò, tó sì rí i pé kíákíá lohun tí a kọ́ ń sá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn márùn-ún tuntun lóòjọ́ tó. Ẹ má fi kún un.

Ẹ wá gbé e lọ sọ́jà. Àwọn ará Àjàṣẹ́ gbọ́ Yorùbá, kíá ni wọ́n á ti fi dá yín lóhùn. Ẹ bẹ oníbàárà yín ṣáájú pé Ègùn nìkan ni kó máa bá yín sọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka gbólóhùn tó jáde lẹ́nu yín láìwo páálí. Bó bá kéré, ẹ dín iye gbólóhùn kù, kí ẹ máa gbọ́ ohùn inú fóònù ṣáájú páálí. Bó bá ṣì kéré, ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó máa gba ohùn rẹ̀, ẹni tí ẹ̀ ń rí lójoojúmọ́.