Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwé Ojú Méjì: Ẹni Tí A Jẹ́ Nílé àti Ẹni Tí A Jẹ́ Lórí Ẹ̀rọ

Ọmọ Yorùbá lè ti ní orúkọ márùn-ún kó tó fọwọ́ kan fóònù. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi wá sáyé, Ìgè ló ń jẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó lanu. Ìyá bàbá á sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀, àwọn ará ilé ìyá náà ò ní gbẹ́yìn, oríkì á tún tẹ̀ lé e, Àjàní tàbí Àṣàkẹ́. Lọ́jọ́ tó bá wá ṣí Facebook tàbí Instagram, á fi orúkọ kan síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú wọn. Èmi ò ka ìyẹn sí irọ́. Nínú gbogbo orúkọ rẹ̀, èyí nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í gbé ẹni tí a jẹ́ nílé àti ẹni tí a jẹ́ lórí ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó lè jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, gọ́ọ̀mù, bírò aláwọ̀ méjì àti fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má dá a ṣe. Ẹni mẹ́ta sí mẹ́fà ló dáa: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọmọ kíláàsì kan náà, tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tàbí ti mọ́sáláṣí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ojú ẹ̀rọ

Ojú ewé òsì ni ti ẹ̀rọ. Ẹ da orúkọ tí ẹ ń lò níbẹ̀ kọ bó ṣe wà gan-an, kí ẹ lẹ fọ́tò DP yín mọ́ ọn, àti ohun mẹ́wàá tí ẹ gbé síta kẹ́yìn. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe, ẹ má sì yọ èyí tó ń tì yín lójú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú ilé

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, tàbí kí ẹ pè é. Ẹ má fi ìtumọ̀ orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ wà lórí YorubaName.com. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ohun tí ilé yín wò lọ́jọ́ náà ni kí ẹ béèrè: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé nígbà tí wọ́n bí mi? Ta ló ní kí n máa jẹ́ Babátúndé? Bàbá àgbà ti kú tó ìgbà wo nígbà náà?"

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì orílẹ̀ yín, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ Oníkòyí á gbọ́ ogun nínú tirẹ̀, orí rẹ̀ á sì wú. Ẹ kọ gbólóhùn tí orí yín wú sí gan-an sí ojú ewé ọ̀tún, kí ẹ lẹ fọ́tò ilé kan tì í, bóyá èyí tí ẹ ti pọn àbúrò sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé ìwé fún ẹlòmíì

Kí ìwé lọ yíká. Ẹni tó bá gbà á á fi bírò kejì kọ "mo mọ ẹni yìí" tàbí "mi ò mọ ẹni yìí" sábẹ́ ojú ewé méjèèjì, pẹ̀lú ìdí. Oníwèé ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí gbogbo wọn á fi kọ tán. Àwọn tó wà ní London tàbí Houston lè rí fọ́tò ojú ewé náà gbà lórí WhatsApp, kí wọ́n fi ohùn dáhùn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń yíwọ́. Ẹ̀gbọ́n lè wo fọ́tò tí ẹ wọ jígí dúdú nínú, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rín bàbá yín rèé, nígbà tó jẹ́ pé tìtorí jígí lẹ ṣe gbé fọ́tò náà síta. Àwọn bàbá wa náà kúkú múra kí wọ́n tó lọ sílé onífọ́tò: agbádá, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú sí kámẹ́rà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀

Ẹ gbé ohùn màmá sórí Google Drive, kó jẹ́ pé ẹni tó ní líǹkì nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ẹ fi líǹkì náà ṣe QR code lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò. Ẹni tó bá gbé fóònù sí i á gbọ́ màmá. Ṣùgbọ́n kí fọ́tò ojú ewé kankan tó jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ bo ọjọ́ ìbí yín àti orúkọ ilé bàbá ìyá yín. Báńkì máa ń fi irú wọn dá èèyàn mọ̀, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé bá ní kó má jáde, kò gbọdọ̀ jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yí ohun kan padà lápá méjèèjì

Lórí ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ pé ẹ ó fi àmì ohùn sórí orúkọ yín. Gboard, àtẹ bọ́tìnnì Google tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní ti Yorùbá. Apá ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun ń tún fóònù ṣe lè má mọ̀ pé àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí ń gbọ́ ewì ọmọ náà lórí ẹ̀rọ lálaalẹ́. Kí ọmọ náà ka ewì kan fún wọn nílé, kó sì kọ ìbéèrè tí wọ́n bá bi í sí ojú ewé ọ̀tún.