Bí Mo Ṣe Kọ Lẹ́tà Ìpè sí Ààfin

Nígbà tí a ń múra ìsìnkú bàbá àgbà wa ní Kàbbà, èmi ni ẹbí ní kí n kọ lẹ́tà ìpè sí àwọn ọba. Mo rò pé iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Mo kọ "Kábíyèsí" síwájú Ọbaró, ọba Kàbbà, mo wá kó Ọbadofin àti Ọbajẹmu sí ìsàlẹ̀, láàárín àwọn olóyè tó kù.

Bàbá mi kékeré wo ìwé náà títí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé olóyè àdúgbò ni Ọbadofin?"

Ó jókòó tì mí. Ní Owé, ìyẹn láàárín àwa ará Kàbbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró lókè: Ọbaró ló ṣáájú, Ọbadofin àti Ọbajẹmu sì tẹ̀ lé e. Lẹ́tà kálukú yàtọ̀, àpòòwé kálukú yàtọ̀. Kò sóhun tó ń dun àgbà bíi kó o kó orúkọ wọn pọ̀ sórí ìwé kan bí orúkọ ọmọ iléèwé.

Mo tún ní "Ọba Ìsánlú" àti "Ọba Mopa" nínú tèmi. Ó fa ìlà sí i. Agbana ni ti Ìsánlú, Elulu ni ti Mopa, Olújùmú ni ti Ìjùmú. Oyè ni kó o fi pè wọ́n. Orúkọ àbísọ ọba lè wà lára àpòòwé, pẹ̀lú "Ọba" níwájú rẹ̀ àti oyè lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ nínú lẹ́tà, "Kábíyèsí" ti tó. Láti ibẹ̀ lọ, "ẹ" àti "yín" ni. Ní ti H.R.M. (His Royal Majesty) tí àwọn atẹ̀wé ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tó dé adé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, tèmi kò ní i.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ sí ààfin Ọbaró, mo bọ́ bàtà àti fìlà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "Kábíyèsí o", mo sì panu mọ́. Mi ò na lẹ́tà sí Kábíyèsí lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ ààfin ni mo fún. Ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó ní:

"Ti Ọbadofin ńkọ́?"

Mo ṣí báàgì mi, mo fi méjì tó kù hàn án.