Èjìká táyà lẹ máa kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Golf GTI, Subaru WRX tàbí BMW tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbé e lọ sórí tíráàkì, ìyẹn pápá ìsáré mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó máa ná táyà lọ́jà Ládípọ̀, ẹ fi orúkọ tó wà lára ẹ̀ sílẹ̀ ná, ẹ fọwọ́ pa èjìká ẹ̀. Ibi tí ojú táyà ti parí tó fẹ́ di ẹ̀gbẹ́ ni mò ń pè ní èjìká. Ti àwọn kan ní igun bíi ti bíríkì, ti àwọn kan rọra yí wálẹ̀ bí ìdí igbá. Táyà méjì lè jẹ́ 225/40R18 kí èjìká wọn má jọra rárá, torí bí táyà ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa èjìká.

Ẹ wo táyà ọ̀kadà. Roboto ni, torí tí ọlọ́kadà bá fẹ́ yà, gbogbo ọ̀kadà ló máa fì sí ẹ̀gbẹ́, táyà sì gbọ́dọ̀ rí ibi tẹ mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo ti tírélà tó ń lọ Àpápá, pẹrẹsẹ ni, torí tírélà ò gbọdọ̀ fì. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni tiwa wà. Torí náà kì í ṣe "táyà wo ló dáa jù" lẹ máa bèèrè, ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè ni pé, nínú kọ́nà, báwo ni ẹsẹ̀ mọ́tò mi ṣe ń fì tó?

Kámbà ló máa dá yín lóhùn, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ wọnú tàbí tẹ̀ síta tẹ́ ẹ bá dúró níwájú mọ́tò. Golf GTI Mk7 (ẹ̀yà keje) bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, kámbà iwájú ẹ̀ ò pé dígírì kan, MacPherson strut (irú ẹsẹ̀ oníṣọ́ọ̀kù kan tó di táyà mú) ló sì wà níwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti sáré wọ kọ́nà tí ara mọ́tò fì, táyà tó wà lápá ìta náà á fì síta, èjìká ìta nìkan ni gbogbo ẹrù á wá dé sí. Èmi ti jìyà ẹ̀ rí. Mo ra táyà onígun tuntun, ìyẹn èyí tí èjìká ẹ̀ rí bíi bíríkì, sí tèmi, mi ò fọwọ́ kan kámbà, níbi tí wọ́n dí ọ̀nà fún wa ká lè sáré, kó tó di ọ̀sán èjìká ìta táyà iwájú apá òsì ti ń já wẹ́wẹ́, àárín ojú táyà sì dà bíi pé mi ò tíì lò ó. Ó dùn mí gan-an, torí táyà yẹn ò burú, èmi ni mi ò mọ ohun tí mo rà.

Tẹ́ ẹ bá ti ní camber plate (irin orí ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń yí kámbà) tẹ́ ẹ sì ti tún kámbà iwájú ṣe dé bíi dígírì -2.5 sí -3 (àmì "-" yẹn ni pé orí táyà tẹ̀ wọnú), ẹ ra onígun, torí nínú kọ́nà gbogbo ojú ẹ̀ ló máa jókòó sórí ọ̀dà. Tí kámbà bá ṣì wà bó ṣe wà, èyí tó rí roboto díẹ̀ ló máa gbà yín, òun máa ń sọ fún yín kó tó yọ̀, onígun lè di ilẹ̀ mú títí kó wá yọ̀ lójijì. Àwọn tí kámbà tiwọn ti kọjá -3.5, ẹ̀yin náà ẹ padà sí roboto, torí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà tó tọ́, etí inú nìkan ni onígun á fi dúró.

Rííìmù ńkọ́? 225/40R18 gba rííìmù tó fẹ̀ tó íńṣì 7.5 títí dé 9, 7.5 sì ni GTI bá wá, ìyẹn ni pé rííìmù ti fún ẹ̀gbẹ́ táyà pọ̀, onígun tẹ́ ẹ rà á ti di roboto díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ilé. Lórí 8.5 ojú ẹ̀ á tẹ́jú dáadáa. Àmọ́ kẹ́ ẹ yí sítíárì débi tó lè dé kẹ́ ẹ wò ó bóyá igun yẹn ń ha fẹ́ńdà.

Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tó ń tà á máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, Jámánì nìyí, roboto lẹ ní ẹ ń wá," kó sì jẹ́ onígun ni tẹ́lẹ̀, eré ẹlòmíì ló ti jẹ èjìká ẹ̀ tó fi rí roboto. Ẹ ti nǹkan tín-ín-rín bọ inú ilà tó wà nítòsí èjìká, kẹ́ ẹ tún tì í bọ ti àárín, tí ilà tèjìká ò bá jìn tó ti àárín rárá, ẹ dá a padà jàre. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT náà, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Ẹ má wa táyà tíráàkì káàkiri ìgboro o. Onígun máa ń tẹ̀ lé ojú ihò tí àwọn tírélà ti tẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà Òṣòdì sí Àpápá, ó ń fa sítíárì lọ́wọ́ yín, ilà ojú ẹ̀ tí ò jìn ò sì lè lé omi, òjò oṣù keje lórí Third Mainland á gbé yín léfòó. Ẹ ní ọ̀wọ́ rííìmù méjì, ọ̀kan fún tíráàkì, ọ̀kan fún ìgboro, mo bẹ̀ yín.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé tíráàkì, ẹ fi ẹfun fa ìlà láti ojú táyà gba orí èjìká wọ ẹ̀gbẹ́, ẹ sá eré díẹ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó. Tí ẹfun bá parẹ́ wọ inú ẹ̀gbẹ́, táyà ti fì jù, ẹ fi atẹ́gùn kún un tàbí kẹ́ ẹ wá kámbà sí i. Tó bá ṣẹ́kù gbọọrọ lójú èjìká, ẹ tú atẹ́gùn díẹ̀. Gbígbóná ni kẹ́ ẹ ti wọn atẹ́gùn, torí bíi 1.5 PSI (ìwọ̀n atẹ́gùn táyà) ló ń gùn fún 10°C kọ̀ọ̀kan. Tí èjìká ìta bá sì ti ń jẹ ṣáájú, ẹ ní kí fọkanáísà yọ ọ́ kúrò lórí rííìmù kó dojú ẹ̀ kọ òdìkejì, àfi tí wọ́n bá kọ OUTSIDE sí i lára, ìyẹn ò ṣeé yí.