Báàgì kánfáàsì àtijọ́: bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀ kó má jẹrà mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin onílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, báàgì kánfáàsì àgbékọ́yìn tí bàbá tàbí bàbá àgbà fi sílẹ̀, ìyẹn èyí tó nípọn tó ní okùn awọ àti irin ìdè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó ṣègbé. Ohun tó ń pa á kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe ẹrù. Ọ̀rinrin ni, pàápàá ọ̀rinrin tí a tì mọ́ ibi tí atẹ́gùn ò dé. Òwú ni kánfáàsì, òwú tí wọ́n hun pọ̀ típẹ́típẹ́, tó bá wá tutù tí ò tètè gbẹ á bu, funfun tàbí dúdú tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí lásán o, ó ń jẹ òwú náà gan-an ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ó kàn máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ni, torí náà báàgì tẹ́ ẹ tì mọ́ wọ́dúróòbù láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ gbé e jáde lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ yí inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀, níbi tí ojú rírán ti pàdé. Tí wọ́n bá ti fi báàgì yẹn gbé gaàrí rí, ẹ máa bá a níbẹ̀, gaàrí Ìjẹ̀bú kúnná, ó máa ń wọ ojú rírán lọ dì síbẹ̀ pẹ̀lú òógùn àti eruku, á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì máa pe eku. Eku ò gé báàgì torí báàgì o, òórùn oúnjẹ ló gbọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kẹ́ ẹ fi họ ọ́ jáde ní gbígbẹ, ẹ má bu omi sí i o, omi á sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra.

Kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan pa á lára, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ wò lábẹ́. Nínú ogun 1939 sí 1945, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára dífíṣọ̀n 81 àti 82, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó lọ jà ní Bọ́mà, báàgì sójà ayé ìgbà yẹn sì wà nílé àwọn ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà, ọdún, àti ọfà kékeré kan tí wọ́n fi íǹkì tẹ̀ síbẹ̀, ọfà yẹn ni àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ má sì fọ ibẹ̀ rárá. Íǹkì yẹn ò ní padà wá.

Fífọ̀ ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ sínú wọ́ṣìn-máṣíìn, ẹ má rẹ ẹ́ sómi gbígbóná torí á súnkì, ẹ má fi blíìṣì kàn án torí ó máa ń sọ òwú di ẹlẹgẹ́. Tó bá dọ̀tí gan-an, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ fi omi lásán nu ọṣẹ yẹn kúrò. Àbàwọ́n oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gbà fún un, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbo ó kúrò á gbo ó dé ihò.

Tó bá ti bu, ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ sì bo imú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, torí tó bá tutù ṣe lẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ po fínígà pọ̀ mọ́ omi ní ìdọ́gba, ẹ fi aṣọ nù ún síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ dáa fún un, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lójoojúmọ́ á ṣá, á sì rọ̀. Òórùn yẹn máa pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ, ẹ ní sùúrù, ẹ má fín lọ́fíńdà sí i.

Okùn awọ, ẹ má fi epo pupa tàbí òróró pa á, ó máa ń yọ sí kánfáàsì tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òrí díẹ̀ tẹ́ ẹ fi ìda oyin pò tó o, ìgbà ọyẹ́ gan-an ló nílò ẹ̀ torí ìgbà yẹn ni awọ máa ń sán. Àwọ̀ ewé tó ń jáde níbi tí idẹ ti kan awọ, epo inú awọ àti idẹ ló fa ìyẹn, igi tín-ín-rín lẹ máa fi họ ọ́ kúrò.

Èyí tẹ́ ẹ ṣì ń gbé lọ oko, ẹ lè fi ìda oyin ra ojú ẹ̀ kí omi má bàa wọlé. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ délẹ̀délẹ̀, torí ìda máa sé ọ̀rinrin mọ́ inú ẹ̀ ni. Ẹ dán an wò lábẹ́ ná, á yí àwọ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ́ ìda, inú omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ gbé abọ́ ẹ̀ sí, ẹ má gbé e sórí iná gangan, ó máa ń gbiná. Báàgì tẹ́ ẹ fi ń rántí òkú ọ̀run, ẹ má fi ìda kàn án rárá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í pamọ́, ẹ má fi ọ̀rá wé e, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ símẹ́ǹtì. Ẹ ki pépà tàbí aṣọ gbígbẹ sínú ẹ̀ kó má ṣẹ́po, ẹ fi aṣọ funfun bò ó, kẹ́ ẹ máa gbé e jáde gba atẹ́gùn lóṣooṣù. Káńfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, tọ́mọ kékeré bá wà nílé ẹ má lò ó, ọmọ lè rò pé súìtì ni, májèlé sì ni.

Tó bá ya, ẹ gbé e lọ fún ṣúmékà, ẹ fi kánfáàsì àtijọ́ tó nípọn bákan náà tì í nínú. Òwú rọ́bà tó le ju kánfáàsì lọ máa ń gé e bí ọ̀bẹ, òwú tí wọ́n fi ìda pa ló dáa. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ni kó fi rán an, kó sì máa gba ihò àtijọ́ kọjá, torí gbogbo ihò tuntun tí máṣíìn bá lu ló ń dín agbára ẹ̀ kù. Ó lè gbowó jù ti máṣíìn lọ, ẹ san án.